Ẹ Wo Ọwọ́ Ọmọ Alátọ̀gbẹ

Ní Odòmẹ́ta, lágbègbè Kétu nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ọwọ́ ni gbogbo wa fi ń jẹun. Ọwọ́ ní ń wú ẹ̀gẹ́, ọwọ́ ní ń bó o, ọwọ́ ní ń yan gàrí lójú agbada. Ọwọ́ ní ń ro oko ẹ̀pà, òun ní ń já òwú, òun ní ń gbé igbá ẹrù dé orí. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí ọwọ́ ẹnìkan bá bẹ̀rẹ̀ sí í le, tí èjìká rẹ̀ kọ̀ tí kò gbéra, ìdáhùn mẹ́ta la ti ní nílẹ̀. Àkọ́kọ́, iṣẹ́ ti pọ̀ jù. Ìkejì, làkúrègbé ni. Bó bá wá ń pẹ́ sí i, ìkẹta á jáde ní wúyẹ́wúyẹ́, pé ayé ló dè é lọ́wọ́. Mo gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí ọ̀rọ̀ àbúrò mi obìnrin, kò sì sí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú wọn. Àtọ̀gbẹ ló wà nídìí rẹ̀. Mo fẹ́ sọ bí àtọ̀gbẹ ṣe ń ṣe ọwọ́ àti èjìká, nítorí pé nínú gbogbo ibi tí àìsàn yìí ń ṣe, ìyẹn la kì í sábà gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ òun ni ojú lásán lè tètè rí jù.

Oríṣi àtọ̀gbẹ méjì ló wọ́pọ̀. Èyí tí gbogbo wa mọ̀ ni oríṣi kejì, èyí tó ń mú àgbàlagbà, tí wọ́n fi ń sọ fún bàbá àti ìyá wa pé kí wọ́n dín oúnjẹ kù, kí wọ́n máa rìn. Oríṣi kìíní yàtọ̀. Ọmọdé àti ọ̀dọ́ ló sábà máa ń mú. Àwọn ọmọ ogun ara, àwọn tó yẹ kí wọ́n máa bá kòkòrò àrùn jà, ni wọ́n kọjú ìjà sí ẹ̀yà kan tó wà lẹ́yìn ikùn, tí àwọn dókítà ń pè ní páńkíríásì, tí wọ́n sì pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ínsúlíìnì níbẹ̀. Láìsí ínsúlíìnì, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kò rọ́nà wọ inú ara. Ẹ̀jẹ̀ á kún fún ṣúgà, ebi á sì máa pa ara. Ọmọ náà á máa tọ̀ lemọ́lemọ́, òùngbẹ á máa gbẹ ẹ́, á máa rù, bí wọn kò bá sì tètè fún un ní ínsúlíìnì, á kú. Kò sí àgbo, kò sí àgúnmu, kò sí ààwẹ̀ tó lè rọ́pò abẹ́rẹ́ náà. Oṣù Kìíní ọdún 1922 ni wọ́n kọ́kọ́ gún ọmọ ọdún 14 kan, Leonard Thompson, ní ínsúlíìnì ní Toronto. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ikú ni àìsàn náà jẹ́ fún gbogbo ọmọ tó bá mú.

Àbúrò mi wà lára àwọn tó yè. Kékeré ló ti mọ bí a ti ń fa oògùn láti inú ìgò sínú abẹ́rẹ́, bí a ti ń lé afẹ́fẹ́ jáde, bí a ti ń yí ojú ibi tí a ń gún padà, ikùn lónìí, itan lọ́la. Ó dàgbà, ó kọ́ṣẹ́ irun dídì, ó lọ́kọ, ó bímọ. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kò kà á sí aláìsàn mọ́.

Ọwọ́ ló kọ́kọ́ yípadà, kò sì dùn ún rárá. Àìdùn yìí ni kò jẹ́ ká tètè mọ̀. Ọmọńdinrín kọ̀, kò nà tán mọ́. Lẹ́yìn náà ló kan ìka tó tẹ̀ lé e, lọ́wọ́ ọ̀tún àti lọ́wọ́ òsì bákan náà. Awọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ nípọn, ó ń dán, ó sì le débi pé ènìyàn kò lè fi ìka méjì fà á sókè. Nídìí irun ló ti kọ́kọ́ fura, nígbà tí ìka rẹ̀ kò yára ya irun wẹ́wẹ́ mọ́. Nígbà tó bá ń kírun, tó bá forí kanlẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kò tẹ́ lórí ẹní. Àlàfo máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, ìka àárín bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ó lè ká a, kò lè nà án. Bó bá fi ọwọ́ kejì fà á, á ró kà, á sì nà lójijì. Lóru, ọwọ́ á kú tipiri, á máa ta á bí abẹ́rẹ́, á ní láti jí dìde kó gbọ̀n ọ́n kó tó lè padà sùn.

Èjìká ló gbẹ̀yìn, òun ló sì nira jù. Ìrora ló fi bẹ̀rẹ̀, pàápàá lálẹ́, kò lè fi ìhà ibẹ̀ sùn. Nígbà tó ṣe, ìrora náà rọlẹ̀, ṣùgbọ́n èjìká ti le. Kò lè na ọwọ́ sẹ́yìn so ìró, kò lè pọn ọmọ, kò lè kan ẹ̀yìn ara rẹ̀, kò lè gbé ọwọ́ dé etí láti wọ inú ìrun. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé èyí tí ẹnìkan kò lè ṣe, ẹlòmíràn á ṣe é. Àìsàn yìí gba méjèèjì lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo. Èjìká kò jẹ́ kí ọwọ́ àbúrò mi tó pẹpẹ, ìka kò sì jẹ́ kó wọ akèrègbè.

Síbẹ̀, gbogbo èyí kò bà mí lẹ́rù tó ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́. Ní àárọ̀ kan ó pè mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fa oògùn yìí, ìka mi kò gbà." Ìgò ínsúlíìnì kéré, àmì tó wà lára abẹ́rẹ́ náà tín-ín-rín. Ìka tó le kò lè di abẹ́rẹ́ mú kó dúró ṣinṣin, kò lè fà á díẹ̀díẹ̀ kó dúró gẹ́lẹ́ lójú àmì. Bí oògùn bá dín, ṣúgà á ga. Bó bá pọ̀ jù, ṣúgà á já wálẹ̀, ẹni náà sì lè dákú. Mo wá rí i lọ́jọ́ náà pé ọ̀rọ̀ ọwọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ kan lára àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní. Ṣúgà tó ga ló ń mú ọwọ́ le, ọwọ́ tó le ni kì í jẹ́ kí a rí ṣúgà rọ̀ sílẹ̀. Ọwọ́ tí alátọ̀gbẹ fi ń gba ara rẹ̀ là ni àìsàn ń dì mú.

Báwo ni ṣúgà ṣe ń mú oríkèé le? Fọ́nrán kan wà nínú awọ, nínú iṣan tó so ẹran mọ́ egungun, àti nínú àpò tó yí oríkèé ká, tí wọ́n ń pè ní kọ́lájẹ̀ẹ̀nì. Òun ló fún wọn lókun, òun náà ló jẹ́ kí wọ́n lè nà kí wọ́n sì padà. Bí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún pípẹ́, á máa lẹ̀ mọ́ fọ́nrán yìí, á máa so ọ̀kan mọ́ èkejì, títí wọn kò fi ní lè yọ̀ lára ara wọn mọ́. Onímọ̀ ará Faransé kan, Louis Camille Maillard, ló ṣàlàyé ní 1912 bí ṣúgà àti àwọn èròjà inú ẹran àti ẹ̀wà ṣe ń so pọ̀ bí iná bá rà wọ́n. Ohun yìí ló ń mú ẹ̀yìn àkàrà pọ́n nínú epo. Nínú ara ènìyàn, ooru náà kò tó ti epo gbígbóná, nítorí náà kì í yá; ọdún ló ń gbà. Ṣùgbọ́n kọ́lájẹ̀ẹ̀nì kì í tètè gbó kí ara fi tuntun rọ́pò rẹ̀, ohun tí ṣúgà bá sì ti so níbẹ̀ kì í tú bọ̀rọ̀. Ìdí rèé tí ọwọ́ fi lè máa le lára ẹni tí ṣúgà rẹ̀ dára lónìí. Ṣúgà ọdún tó ti kọjá ló ń ṣiṣẹ́.

Àwọn oníṣègùn ti mọ̀ nípa rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ní 1872, oníṣẹ́ abẹ kan ní Paris, Simon Duplay, kọ̀wé lórí èjìká tó ń le tó sì ń dunni. Ní 1957, Knud Lundbæk ní Denmark kọ̀wé lórí ọwọ́ líle tó rí lára àwọn tó ti pẹ́ pẹ̀lú àtọ̀gbẹ. Ní 1974, Arlan Rosenbloom àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní Florida rí i lára àwọn ọ̀dọ́, wọ́n sì tẹra mọ́ ọn. Nígbà tó di 1981, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn 309 tó ní àtọ̀gbẹ láti ìgbà èwe. Nínú wọn, 92 ni oríkèé wọn kò nà tán. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé bí àtọ̀gbẹ bá ti lo ọdún 16 lára irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀, ìdá 83 nínú 100 wọn ni òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín wọn á ti bàjẹ́, àwọn òpó tó ń bọ́ ojú àti kíndìnrín. Lára àwọn tí oríkèé wọn nà dáadáa, ìdá 25 péré ni. Ẹ jẹ́ kí iye yìí yé wa dáadáa. Ọwọ́ tó ń le ń sọ fún wa nípa ojú tí kò tíì fọ́ àti kíndìnrín tí kò tíì kọṣẹ́.

Ilẹ̀ Yorùbá náà kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1990, A. O. Akanji, A. F. Bella àti Babatunde Osotimehin tẹ ìwádìí tiwọn jáde láti Ìbàdàn, lórí ọwọ́ líle àti àwọn ìbàjẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí àtọ̀gbẹ ń fà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà. Osotimehin yìí ló di mínísítà ìlera Nàìjíríà lẹ́yìn náà, òun ló sì darí UNFPA, àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ iye ènìyàn, láti 2011 títí tó fi kú ní 2017. Láti Ìbàdàn dé Kétu kò jìnnà. Àwọn baba ńlá wa fi ẹsẹ̀ rìn ín. Ìmọ̀ ni kò rí ààlà náà rékọjá, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, Faransé ni nọ́ọ̀sì wa kà, Yorùbá ni ìyá ọmọ gbọ́. Bí kì í bá ṣe ti èyí, mi ò bá má kọ àròkọ yìí.

Ẹni tó bá rò pé ìwọ̀nba ènìyàn ló ń ṣe, kó gbọ́ èyí. Láti 1983 ni ìwádìí ńlá kan ti bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà lórí ènìyàn 1,441 tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n yẹ ọwọ́ àti èjìká 1,217 nínú wọn wò. Ìdá 66 nínú 100 ló ní ó kéré tán ọ̀kan nínú àwọn ìṣòro yìí. Ìdá 31 ní èjìká líle, ìdá 30 ni iṣan ìmọ̀lára fún mọ́ ní ọrùn ọwọ́, èyí tó ń mú kí ọwọ́ kú lóru, ìdá 28 ní ìka tó ń há. Ní Norway, àwọn oníwàádìí lọ bá àwọn tó ti fi ọdún 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbé pẹ̀lú oríṣi kìíní. Ìdá 76 nínú 100 wọn ni èjìká wọn ti le rí láyé wọn. Láàrin àwọn tí kò ní àtọ̀gbẹ, ìdá 14 ni.

Nígbà tí mo ka ti Norway yìí, iye àwọn tí èjìká wọn le kọ́ ló kọ́kọ́ mú mi dúró. Ọdún 45 yẹn ni. Ní 2022, àwọn onímọ̀ kan ṣírò iye ọdún tí ọmọ ọdún 10 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí oríṣi kìíní lára rẹ̀ ṣì lè lò láyé. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tó lọ́rọ̀ jù, ọdún 65 ni. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tó tòṣì jù, ọdún 13 ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ lágbègbè wa ló ti kú kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé àtọ̀gbẹ ni. Wọ́n ní ibà ni, wọ́n ní àjẹ́ ló jẹ ẹ́, wọ́n sì sin ín. Nítorí náà, èjìká líle jẹ́ àìsàn ẹni tó yè. Ẹni tí ínsúlíìnì kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò ní pẹ́ láyé débi tí èjìká rẹ̀ á fi le. Èyí ni mo fi ń dá àwọn tó ní kí àbúrò mi gba kádàrá lóhùn. Wọ́n ní ó yẹ kó máa dúpẹ́ pé ó wà láàyè. Òun náà ń dúpẹ́, èmi náà ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó yè nílò ọwọ́ tí yóò fi ṣiṣẹ́, tí yóò fi wẹ ọmọ rẹ̀, tí yóò fi gún ara rẹ̀ ní oògùn lọ́la. Bí a bá gba ẹ̀mí ọmọ là tán, tí a wá jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ dì, a ti fi ẹ̀mí náà sínú ewu padà.

Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àyẹ̀wò tó ń fi ọwọ́ líle hàn kò ná fráǹkì kan. Kí ọmọ tó ní àtọ̀gbẹ pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú àyà, ìka sí ìka, kó gbé ìgúnpá sókè bí ẹni tó ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí àtẹ́lẹwọ́ àti gbogbo ìka bá fara kanra, ó dára. Bí àlàfo bá wà láàrin ìka méjì tó kọjú síra, pàápàá níhà ọmọńdinrín, kí a fura. Lẹ́yìn náà, kó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sórí tábìlì. Ó yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ, láìsí oríkèé tó gbéra. Ní ti èjìká, kó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè títí wọn ó fi kan etí, kó fi wọ́n sẹ́yìn orí, kó tún fi wọ́n sẹ́yìn ìbàdí, bí ìyá tó fẹ́ gbá ọ̀já mú. Kò sí èyí nínú wọn tí olùkọ́ kò lè ṣe ní kíláàsì. Kò sí èyí tí nọ́ọ̀sì kò lè ṣe kí ọmọ tó gba oògùn rẹ̀ tán. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ìsàlẹ̀ ojú kì í ṣe ohun tí a ń rí ní abúlé, àyẹ̀wò kíndìnrín ń gba owó àti ìrìn àjò. Àtẹ́lẹwọ́ méjì ń lọ káàkiri pẹ̀lú ọmọ, ẹ̀rí tó sì wà lára wọn lágbára tó láti sọ ẹni tó yẹ kó tètè wọkọ̀ lọ wo ojú àti kíndìnrín.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nípa ohun tí a ń fi ìfẹ́ ṣe nílé, tó sì léwu. Ìyá àgbà kan ládùúgbò wa ní kí a fi aṣọ tí a rì sínú omi gbígbóná jó èjìká náà. Inú rere ló fi sọ ọ́, ara ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti fi bẹ́ẹ̀ yá. Ṣùgbọ́n àtọ̀gbẹ lè pa ìmọ̀lára awọ. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti kú kò ní mọ̀ pé omi náà ti ń bó òun. Àwọn mìíràn ní kí a sín gbẹ́rẹ́ sí i. Ọgbẹ́ ara alátọ̀gbẹ kì í tètè jinná, pàápàá bí ṣúgà bá ga, kòkòrò àrùn sì máa ń rí ibẹ̀ gbé. Ní 1984, T. A. Akintewe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé lórí alátọ̀gbẹ márùn-ún ní Nàìjíríà tí àtọ̀gbẹ sọ ọwọ́ wọn di ìṣòro. Lẹ́yìn ìyẹn, láàrin 1998 sí 2002, àwọn dókítà ní Dar es Salaam ní Tanzania rí ọ̀pọ̀ irú rẹ̀. Ọgbẹ́ wẹ́ẹ́rẹ́, bóyá ibi tí kòkòrò ti jẹni tàbí ibi tí nǹkan ti ha ni lára, ló ń di ọwọ́ wíwú, tí í di ọwọ́ gígé, tí ó sì ń pa àwọn mìíràn. Àgbàlagbà tó ní oríṣi kejì ló pọ̀ jù nínú wọn, ṣùgbọ́n ewu náà kò mọ oríṣi. Ẹ má ṣe fi abẹ kan ọwọ́ tàbí èjìká alátọ̀gbẹ nílé. Ẹ má sì ṣe so ọwọ́ náà mọ́ àyà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ pé ó ń sinmi. Bí ó bá ti ń sinmi ni ó ń le.

Mímì ín jẹ́jẹ́ ni oògùn rẹ̀ àkọ́kọ́. Kí a máa na àwọn ìka náà lójoojúmọ́, kí a máa tẹ àtẹ́lẹwọ́ sára ògiri, kí ọwọ́ máa fi ìka rìn lára ògiri náà lọ sókè títí dé ibi tó bá lè dé, láìfi agbára jàn án. Ní ilé ìwòsàn ńlá, a máa ń rí àwọn tí ìtọ́jú oríkèé jẹ́ iṣẹ́ wọn, tí àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ ń pè ní kiné. Iṣẹ́ wọn kò ṣàjèjì ní ìhà ọ̀dọ̀ wa. Ní Ìpọ̀bẹ́, láti 2003 ni ilé ìtọ́jú kan ti wà fún àrùn Búrúlì, èyí tí í jẹ awọ tó sì lè mú kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ká kò. Àjọ Raoul Follereau ló ràn án lọ́wọ́. Nínú ìtọ́jú àrùn yẹn, ìdárayá oríkèé kì í ṣe àfikún, ó wà lára ìtọ́jú gan-an. Àwọn ará agbègbè yìí ti rí i pé oríkèé tó fẹ́ ká kò ṣeé gbà là bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a ń ṣe fún ọmọ Búrúlì yẹ kó kan ọmọ àtọ̀gbẹ náà.

Dókítà lè gún èjìká tàbí ìka ní abẹ́rẹ́ kọ́tísóònù, ó sì máa ń dín ìrora kù. Kí alátọ̀gbẹ mọ̀ pé oògùn yẹn á gbé ṣúgà sókè fún ọjọ́ mélòó kan, kó máa wọn ṣúgà rẹ̀ léraléra, kó sì béèrè bí yóò ti fi kún ínsúlíìnì. Ìka tó ń há àti ọrùn ọwọ́ tó fún mọ́ iṣan ṣeé fi iṣẹ́ abẹ kékeré tú sílẹ̀. Ní ti èjìká, ọdún kan sí mẹ́ta ló sábà máa ń gbà kó tó rọ̀, ti alátọ̀gbẹ sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó má sì padà sípò tán. Èjìká àbúrò mi ti gbéra ju tàtijọ́ lọ. Ó ti lè pọn ọmọ. Kò tíì lè kan ẹ̀yìn ara rẹ̀.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ínsúlíìnì tó péye ló ń dá ààbò bo ọwọ́. Ínsúlíìnì tí oòrùn ti pa kò péye, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì wà nínú ìgò. Níbi tí iná mànàmáná kò bá dúró, ìkòkò amọ̀ lè ràn wá lọ́wọ́. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní àríwá Nàìjíríà, gba ẹ̀bùn Rolex ní 2000 nítorí pé ó fi ìkòkò kan sínú òmíràn, ó da iyanrìn tútù sáàrin wọn, ó sì fi ń pa ẹ̀fọ́ mọ́ nínú ooru. Irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ lè mú kí ìgò tí a ń lò lọ́wọ́ tutù ju inú yàrá lọ. Ìyá wa kò ka ìwé, ṣùgbọ́n òun ló ń tọ́jú ìkòkò náà, òun ló ń bu omi sí iyanrìn rẹ̀. Nígbà tí ó gbọ́ pé àwa náà gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń fa oògùn, ó ní ọwọ́ kan kì í gbé igbá dé orí. Àwa tó kù nínú ilé kọ́ ọ. Mo gba gbogbo ilé tí alátọ̀gbẹ wà nímọ̀ràn pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ kí ọwọ́ ẹni náà tó le, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ìrètí wà, kì í sì í ṣe ìrètí ẹnu lásán. Àwọn ará Florida tí mo mẹ́nu kàn padà yẹ ọwọ́ àwọn ọmọ wò ní 1998. Láàrin 1976 sí 1978, ìdá 31 nínú 100 ọmọ tó ní oríṣi kìíní ni oríkèé wọn kò nà tán. Ní 1998, ìdá 7 ló kù. Oògùn ọwọ́ kankan kọ́ ni wọ́n ṣe. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ìtọ́jú ṣúgà ti dára sí i láàrin àkókò náà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, ní Lomé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dọ̀ wa níbí, àwọn mínísítà ìlera Áfíríkà fọwọ́ sí ètò kan tí wọ́n ń pè ní PEN-Plus, láti mú ìtọ́jú àwọn àìsàn líle bí àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní kúrò ní ìlú ńlá nìkan, kó dé àwọn ilé ìwòsàn agbègbè. Bí ìlérí yẹn bá dé Odòmẹ́ta, kó má ṣe jẹ́ ínsúlíìnì nìkan ni wọn yóò gbé wá. Kí wọ́n kọ́ nọ́ọ̀sì láti wo ọwọ́.

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé sí ẹ̀yin ìyá àti bàbá, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin àlùfáà àti pásítọ̀ tí ọmọ ń pa ọwọ́ pọ̀ níwájú yín. Bí ọmọ kan bá ń gba ínsúlíìnì ládùúgbò yín, ẹ pè é sún mọ́ yín lọ́dọọdún, ẹ ní kó pa àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pọ̀, kó sì gbé ọwọ́ rẹ̀ dé etí. Bí ẹ bá rí àlàfo láàrin àwọn ìka, tàbí tí èjìká kò gbéra, ẹ má dúró de ìrora, ẹ má sín gbẹ́rẹ́, ẹ má sì fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ fún wọn níbẹ̀ pé kí wọ́n wo ṣúgà rẹ̀, ojú rẹ̀ àti kíndìnrín rẹ̀ pẹ̀lú.